Jáàkì tọ́ọ̀nù 50, búlọ́ọ̀kù ìnṣì mẹ́sàn-án, àti ẹ̀rọ tó gbọdọ̀ sọ òótọ́

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá ẹnjiníà. Ajórin ni mí, mo ní ṣọ́ọ̀bù ní Ọ̀fà. Ìtẹ̀ gàrí, ẹ̀rọ tí ń fọ́ ẹ̀kùrọ́ àti géètì ni mo sábà ń ṣe. Alhaji kan tó ní ilé iṣẹ́ búlọ́ọ̀kù ní Gànmọ̀ ní kí n bá òun kọ́ ẹ̀rọ tí òun á fi máa fọ́ búlọ́ọ̀kù wò, kí òun lè mọ bó ṣe lágbára tó, torí àwọn kọngilá ti ń béèrè ìwé àyẹ̀wò lọ́wọ́ rẹ̀. Mo ní jáàkì tọ́ọ̀nù 50 kan nílẹ̀, mo sì ní àwọn ṣánẹ́ẹ̀lì àlòkù. Èrò mi ni pé kí n ṣe férémù bíi ti ìtẹ̀ gàrí, kí n so géèjì mọ́ jáàkì náà. Alhaji tún ní òun á máa fi dán kọnkéré wò. Ṣé ó ṣeé ṣe? Irin wo ni kí n lò? Báwo ni màá sì ṣe mọ̀ pé nọ́ńbà tí ẹ̀rọ náà bá gbé jáde tọ̀nà?

Ìdáhùn: Ẹ kú iṣẹ́ o. Inú mi dùn sí ìbéèrè yín, pàápàá èyí tí ẹ fi parí rẹ̀, torí ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ wà. Ó ṣeé ṣe. Ajórin tó mọṣẹ́, tó sì rí tọ́nà gidi (ẹni tó ń fi ẹ̀rọ fá irin) bá ṣiṣẹ́, lè kọ́ ẹ̀rọ yìí ní Kwara níbí láìjẹ́ pé a kó o wọlé láti òkè òkun. Ṣùgbọ́n ẹ gbàgbé ìtẹ̀ gàrí. Tí férémù ìtẹ̀ gàrí bá tẹ̀ díẹ̀, omi á ṣì jáde lára ẹ̀gẹ́, kò sẹ́ni tó máa bínú. Èyí tí ẹ fẹ́ ṣe yìí, òṣùwọ̀n ni. Ẹ mọ kóńgò tí wọ́n lu ìdí rẹ̀ wọnú lọ́jà: ó le, kò jò, ojoojúmọ́ ni wọ́n ń fi wọn ìrẹsì, bẹ́ẹ̀ ló ń rẹ́ oníbàárà jẹ. Ẹ̀rọ àyẹ̀wò tó lágbára tí kò sọ òótọ́ burú ju kí ẹ̀rọ máà sí lọ, torí ìwé tó bá tinú rẹ̀ jáde ni ẹnìkan máa gbára lé tí yóò fi kọ́ ilé tí ọmọ rẹ̀ máa sùn sí.

Ẹ má tíì fọwọ́ kan irin. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ iye agbára tí búlọ́ọ̀kù máa gbà kó tó fọ́, torí nọ́ńbà yẹn ló máa sọ bí gbogbo nǹkan yòókù ṣe máa rí.

Búlọ́ọ̀kù ìnṣì mẹ́sàn-án gùn ní 450 mm, ó fẹ̀ ní 225 mm, ó sì ga ní 225 mm. Ojú tí ẹ̀rọ máa tẹ̀ jẹ́ 450 × 225, ìyẹn 101,250 mm², a ó sì ka ihò inú rẹ̀ mọ́ ọn. NIS 87 ni ìwé ìlànà búlọ́ọ̀kù tí SON, àjọ tó ń rí sí ìlànà ọjà ní Nàìjíríà, gbé jáde. Nọ́ńbà méjì tí àwa oníṣẹ́ ẹ̀rọ àti àwọn kọ́lékọ́lé máa ń tọ́ka sí jù nínú rẹ̀ ni 2.5 N/mm² àti 3.45 N/mm² (iye agbára, ní newton, tí mílímítà onígun mẹ́rin kọ̀ọ̀kan lè gbé), èyí tó ga jù ni ti búlọ́ọ̀kù tó máa gbé ẹrù ilé. Kí Alhaji ra ẹ̀dà tó wà lóde báyìí lọ́wọ́ SON, kó má fi ti àtẹnudẹ́nu ṣiṣẹ́. Ẹ wá ṣe ìlọ́po: 3.45 lọ́nà 101,250 jẹ́ nǹkan bíi 349 kN (kilonewton, òṣùwọ̀n agbára), ó lé díẹ̀ ní tọ́ọ̀nù 35 ààbọ̀. Ti ìnṣì mẹ́fà, tí ojú rẹ̀ jẹ́ 450 × 150, máa gba 233 kN.

Jáàkì yín tó tọ́ọ̀nù 50 jẹ́ 490 kN. Lórí ìwé, ó tó. Èmi ò ní lò ó, màá sì sọ ìdí rẹ̀ níwájú. Agbára tí mo fẹ́ kí ẹ fi ya àwòrán férémù ni 500 kN. Búlọ́ọ̀kù ìnṣì mẹ́sàn-án tí kò bá fọ́ ní 500 kN ti kọjá 4.9 N/mm². Kò pọn dandan kí ẹ fọ́ irú ìyẹn; ẹ kàn kọ ọ́ sínú ìwé pé ó kọjá ibi tí ẹ̀rọ dé.

Férémù ni mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ ṣe. Níbo ni búlọ́ọ̀kù máa gbà wọlé? Ẹni tí kò bá rò ó dáadáa á gbé e ní ìdábùú, kí gígùn 450 mm wà láàárín ọ̀pá ọ̀tún àti ti òsì. Bíìmù òkè á wá gùn tó 600 mm láti àárín ọ̀pá kan dé àárín èkejì. Ẹ yí búlọ́ọ̀kù padà. Ẹ jẹ́ kí orí rẹ̀ ṣáájú wọlé, kó jẹ́ ìbú 225 mm nìkan ló máa wà láàárín àwọn ọ̀pá, kí gígùn rẹ̀ yọ síwájú àti sẹ́yìn. Bíìmù yín á di 400 mm, àyè á sì ṣẹ́kù fún ọwọ́ ẹni tó ń tì í wọlé. Tí agbára bá tẹ bíìmù ní àárín, ẹ ó fi gígùn bíìmù lọ́po agbára náà, ẹ ó wá pín in sí mẹ́rin, kí ẹ lè mọ bí agbára náà ṣe fẹ́ ká bíìmù tó, èyí tí à ń fi kNm wọn. 500 kN lọ́nà 0.6 m, ká pín in sí mẹ́rin, jẹ́ 75 kNm. Lọ́nà 0.4 m, ó di 50 kNm. Ìdá kan nínú mẹ́ta ìyà tó fẹ́ jẹ irin náà ti lọ, ẹ ò sì tíì ná kọ́bọ̀.

Irin mild steel tí à ń rà máa ń fà kọjá ibi tó ti lè padà sípò tí agbára bá dé nǹkan bíi 250 N/mm². Nínú ẹ̀rọ tó ń ṣe iṣẹ́ òṣùwọ̀n, èmi kì í jẹ́ kí ó ju 100 lọ lára bíìmù. Kò ní já ní 150, mo mọ̀. Àmọ́ bíìmù tó bá tẹ̀ á yí irin tó ń tẹ búlọ́ọ̀kù sí ẹ̀gbẹ́, búlọ́ọ̀kù á bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ láti igun kan, nọ́ńbà tí ẹ bá kà kò sì ní jẹ́ ti búlọ́ọ̀kù mọ́. Ti férémù ni. Nítorí náà, 50 kNm, ká fi 100 N/mm² pín in, jẹ́ 500 cm³. Ẹ ṣí tábìlì irin, ẹ wo ibi tí wọ́n kọ Wx sí (nọ́ńbà tó ń sọ bí irin ṣe lè kọ títẹ̀ tó): UPN 200, ìyẹn ṣánẹ́ẹ̀lì tó ga ní 200 mm, ní 191 cm³, UPN 240 ní 300, UPN 300 ní 535. Ṣánẹ́ẹ̀lì 240 méjì tí a fi ẹ̀yìn kọ ẹ̀yìn jẹ́ 600 cm³. Ó tó, ó sì ṣẹ́kù. Mo ṣírò bó ṣe máa tẹ̀ sí ní 500 kN: títẹ̀ rẹ̀ kéré gan-an. Ká ní ẹ gbé búlọ́ọ̀kù ní ìdábùú ni, 240 méjì kò ní tó. 300 lẹ máa wá kiri, títẹ̀ rẹ̀ á sì ju ti kékeré yìí lọ.

Irú bíìmù kan náà ló gbọdọ̀ wà nísàlẹ̀, lábẹ́ jáàkì. Mo rí àwọn ẹ̀rọ kan tí wọ́n ti fi irin tó nípọn sókè, tí wọ́n sì fi ángù lásán sísàlẹ̀, bí ẹni pé ilẹ̀ ló máa gbà á. Ilẹ̀ ò gbà nǹkan kan ju ìwúwo ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ lọ. Bí jáàkì ṣe ń ti òkè ló ń ti ìsàlẹ̀, inú férémù ni gbogbo ìjà náà ti ń bẹ̀rẹ̀, ibẹ̀ náà ló sì ń parí sí. Ní ibi tí agbára bá ti kan bíìmù, ní àárín àti ní orí méjèèjì, ẹ jó irin pẹlẹbẹ sínú ṣánẹ́ẹ̀lì láti òkè dé ìsàlẹ̀ kí ògiri rẹ̀ má bàa ká.

Ọ̀pá mẹ́rin ni kó so bíìmù òkè àti ti ìsàlẹ̀ pọ̀, méjì níwájú, méjì lẹ́yìn. Ọ̀kọ̀ọ̀kan á gbé 125 kN. Ibi tí ọ̀pá ti máa ń já ni ìdí tírẹ́ẹ̀dì, torí náà ibẹ̀ ni ká wọn. Ọ̀pá M42 (tí ìbú rẹ̀ jẹ́ 42 mm) ní 1,120 mm² níbẹ̀, èyí tó máa fún wa ní 112 N/mm². M48 ní 1,470 mm², ó sì máa fún wa ní 85. Ẹ ra M48. Ní orí bíìmù kọ̀ọ̀kan, ẹ gbé irin pẹlẹbẹ tó nípọn ní 50 mm lé e kí nọ́ọ̀tì ọ̀pá méjì jókòó sórí rẹ̀, kí àwọn ọ̀pá náà súnmọ́ ara ṣánẹ́ẹ̀lì pẹ́kípẹ́kí. Bí wọ́n bá ṣe jìnnà sí i tó ni irin 50 mm yẹn á ṣe tẹ̀ tó.

Ẹ ṣàkíyèsí pé mi ò ní kí ẹ jó ọ̀pá mọ́ bíìmù. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Mo bọ̀wọ̀ fún iṣẹ́ yín, mo sì mọ̀ pé ojú jíjó yín dára. Ṣùgbọ́n a ò ní ẹ̀rọ tí a fi máa wo inú ojú jíjó náà bóyá ó mú dé ìdí, a ò sì gbọdọ̀ fi tọ́ọ̀nù 50 ṣe àyẹ̀wò rẹ̀ nígbà tí ènìyàn dúró síwájú. Ẹ jẹ́ kí nọ́ọ̀tì àti tírẹ́ẹ̀dì máa gbé agbára tó ń fà. Iṣẹ́ jíjó ni kí ó di nǹkan mú sáyè rẹ̀. Nítorí ìdí kan náà, ẹ má fi ṣáfútì tírélà àlòkù ṣe ọ̀pá. Irin yẹn le ní tòótọ́, àmọ́ a ò mọ ohun tó ti fojú rí lójú ọ̀nà, tí wọ́n bá sì jó o láìkọ́kọ́ mú un gbóná, ó lè sán láìfi àmì kankan hàn tẹ́lẹ̀. Ṣánẹ́ẹ̀lì àlòkù yín, ẹ fi ṣe ẹsẹ̀ àti tábìlì tí búlọ́ọ̀kù máa kọ́kọ́ jókòó lé. Fún bíìmù àti ọ̀pá, irin tuntun tó ní ìwé ilé iṣẹ́ tó ṣe é ni.

Irin pẹlẹbẹ tó ń tẹ búlọ́ọ̀kù lókè àti nísàlẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń ṣahun sí. Ó gbọdọ̀ bo gbogbo ojú búlọ́ọ̀kù, ká ní 480 × 250 mm. Bíìmù yín kò fẹ̀ tó bẹ́ẹ̀, nítorí náà iwájú àti ẹ̀yìn irin náà máa yọ síta láìsí ohun tó gbé e ró. Tó bá jẹ́ irin 25 mm, etí rẹ̀ á ká kúrò, àárín búlọ́ọ̀kù nìkan ló máa jìyà. Kó má dín ní 75 mm. Ẹyọ kan ìyẹn wúwo tó 70 kg, torí náà ẹ ronú bí ẹ ṣe máa fi sípíríǹgì àti bóòtì so ti òkè rọ̀ kó má já lu ẹnikẹ́ni. Ẹ jẹ́ kí tọ́nà fá ojú rẹ̀ títí yóò fi tẹ́jú pátápátá. Ìlànà EN 12390-4, tó wà fún ẹ̀rọ kọnkéré, kò fàyè gba ju 0.03 mm lọ lórí ojú tó ń kan ohun tí à ń tẹ̀, ó sì fẹ́ kí irin náà le tó 550 HV (òṣùwọ̀n líle irin). Fún búlọ́ọ̀kù yanrìn, líle yẹn kò di dandan lọ́jọ́ àkọ́kọ́, àmọ́ irin rírọ̀ á máa ní kòtò bí oṣù ṣe ń gorí oṣù, ẹ ó sì máa dá a padà fún tọ́nà.

Ti òkè gbọdọ̀ lè yí díẹ̀. Kò sí búlọ́ọ̀kù tí òkè àti ìsàlẹ̀ rẹ̀ bára mu láìkù síbì kan. Ìjókòó bọ́ọ̀lù ni ẹ máa fi sẹ́yìn rẹ̀: apá kan yọ bíi bọ́ọ̀lù, èkejì jìn bíi abọ́, kí àárín bọ́ọ̀lù náà sì bọ́ sí ojú irin níbi tó ti kan búlọ́ọ̀kù. Iṣẹ́ tọ́nà gidi ni. Ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì lásán ni kí ẹ fi pa á. Ẹ má fi gírísì líle tó ń gba agbára sí i. Ohun tí a fẹ́ ni pé kó yí fẹ́ẹ́rẹ́ nígbà tó bá kọ́kọ́ kan búlọ́ọ̀kù, kó sì dúró gbọin nígbà tí agbára bá wọlé. Gírísì líle á jẹ́ kó máa yọ̀ títí dé òpin.

Ó wá ku jáàkì àti géèjì. Jáàkì onígò kò ṣiṣẹ́ ní ìdojúdé torí afẹ́fẹ́ á wọ inú òróró rẹ̀, nítorí náà ìsàlẹ̀ ló máa wà, kó máa ti irin ìsàlẹ̀ sókè. Ìyẹn ò burú. Ohun tó burú ni pé ẹ máa ní láti lu ìdí rẹ̀ kí géèjì tó lè wọlé, bẹ́ẹ̀ ẹni tó ṣe é kò fi ibẹ̀ sílẹ̀ fún lílù. Ẹ̀ẹ̀kejì, ní 490 kN jáàkì yín ti dé òpin ẹ̀mí rẹ̀. Ẹ ra sìlíńdà tọ́ọ̀nù 100 tó ní ẹnu ibi tí à ń so páìpù mọ́, pẹ̀lú pọ́ńpù tirẹ̀. Ìdajì agbára rẹ̀ lẹ máa lò, ọ́ìlì síìlì rẹ̀ (rọ́bà tó ń dá òróró dúró) á pẹ́, ẹ ó sì lè fi kan náà dán férémù wò kọjá 500 kN.

Ẹ ní ẹ máa so géèjì mọ́ jáàkì; ìyẹn ni pé ẹ ó máa ka bar (òṣùwọ̀n bí òróró ṣe ń tì tó) lójú rẹ̀, ẹ ó sì fi ojú písítìnì lọ́po rẹ̀. Lórí ìwé, kò sí àléébù níbẹ̀. Písítìnì 100 mm ní ojú 7,854 mm². Tí géèjì bá wà ní 400 bar, èyí tó jẹ́ 40 N/mm², agbára jẹ́ 314 kN. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ló ń dé ara búlọ́ọ̀kù. Ọ́ìlì síìlì ń ha ògiri sìlíńdà, písítìnì ń fara ti ẹ̀gbẹ́ kan, agbára díẹ̀ sì ń ṣòfò síbẹ̀. Géèjì ò mọ ìyẹn, torí òróró nìkan ló ń kà. Ẹ sì wo ibi tí àṣìṣe náà kọjú sí: ìgbà gbogbo ló máa ń sọ pé búlọ́ọ̀kù lágbára ju bó ṣe rí lọ. Ká ní ìdá kan nínú mẹ́wàá ló ṣòfò. Géèjì á ka 253 kN, Alhaji á kọ 2.5 N/mm² sínú ìwé, búlọ́ọ̀kù á yege. Ohun tó dé ara búlọ́ọ̀kù gan-an jẹ́ 228 kN, ìyẹn 2.25. Wọ́n á kó o lọ síbi iṣẹ́, kò sì sí ẹni tó parọ́ nínú wọn, ẹ̀rọ ló parọ́.

Nítorí èyí, mo fẹ́ kí ẹ ná owó sórí load cell (ẹ̀rọ kékeré tó ń wọn agbára tó bá tẹ̀ ẹ́) kí ẹ tó ná an sórí ọ̀dà àti ẹwà. Ẹ gbé e sáàárín bíìmù òkè àti ìjókòó bọ́ọ̀lù, kó lè jẹ́ pé agbára tó gba ara búlọ́ọ̀kù kọjá nìkan ló máa kà. Èyí tó lè gbé ju 600 kN lọ ni kí ẹ rà. Ojú tó ń fi nọ́ńbà hàn gbọdọ̀ lè di nọ́ńbà tó ga jù mú lẹ́yìn tí búlọ́ọ̀kù bá ti fọ́, kó sì máa lo bátìrì, torí bí iná ṣe ń ṣe wa. Ẹ ṣì lè fi géèjì síbẹ̀. Tí òun àti load cell bá bẹ̀rẹ̀ sí í jìnnà síra ju ti àtẹ̀yìnwá lọ, ẹ ó mọ̀ pé ọ́ìlì síìlì fẹ́ lọ.

Load cell náà kò jẹ́rìí ara rẹ̀. Ẹ máa pe ilé iṣẹ́ tó ní òṣùwọ̀n agbára tí ó ní ìwé-ẹ̀rí, kí wọ́n gbé tiwọn sínú ẹ̀rọ yín níbi tí búlọ́ọ̀kù máa ń wà, kí wọ́n sì fi nọ́ńbà méjèèjì wéra. Ìlànà ISO 7500-1 ní kí wọ́n ṣe é ní ipele márùn-ún ó kéré tán, láti ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún dé ìdá 100, ní ẹ̀ẹ̀mẹta. Ẹ̀rọ tó bá wà ní kíláàsì 1, àṣìṣe rẹ̀ kò gbọdọ̀ ju ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún lọ. Wọ́n á tún padà wá lọ́dọọdún, àti nígbàkígbà tí ẹ bá gbé ẹ̀rọ náà kúrò níbi tó wà. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ kọ ọ́ sínú àdéhùn kí ẹ tó gba àsansílẹ̀: ta ló máa sanwó rẹ̀, nígbà wo. Àwọn kan á ní kí ẹ fọ́ búlọ́ọ̀kù márùn-ún ní ṣọ́ọ̀bù yín, kí ẹ gbé márùn-ún lọ sí ilé àyẹ̀wò ní Unilorin, Kwara Poly tàbí Federal Poly tó wà lọ́dọ̀ yín ní Ọ̀fà, kí ẹ fi èsì wéra. Ó dára gẹ́gẹ́ bí ìfojúdíwọ̀n, ẹ ṣe é. Àmọ́ búlọ́ọ̀kù tí wọ́n jọ pò lọ́jọ́ kan náà máa ń yàtọ̀ síra púpọ̀, torí náà kò lè rọ́pò òṣùwọ̀n tó ní ìwé-ẹ̀rí. Tí ẹ bá sì fẹ́ rí bí wọ́n ṣe ń dán ẹ̀rọ wò kí wọ́n tó fọwọ́ sí i, NCAM ní Ìdófìàn kò jìnnà sí yín. Iṣẹ́ wọn ni láti máa dán ẹ̀rọ oko wò.

Nípa ààbò, ohun tí mo fẹ́ sọ kò pọ̀, ṣùgbọ́n mi ò ní gbà kí ẹ yọ ìkankan kúrò nínú rẹ̀. Ní 500 kN, àwọn ọ̀pá M48 yẹn á ti fà ní nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta mílímítà. Nígbà tí búlọ́ọ̀kù bá fọ́, wọ́n á padà sípò lójijì, àfọ́kù á sì fò. Ẹ fi ìlẹ̀kùn polycarbonate (ike líle tó ṣeé wo inú rẹ̀) síwájú, ẹ fi àwọ̀n irin sẹ́yìn. Kí fáàfù ìdáàbòbò máa tú òróró sílẹ̀ ní 550 kN. Kí Alhaji tó gbé e, ẹ fi irin tó nípọn rọ́pò búlọ́ọ̀kù, ẹ yí fáàfù yẹn sókè fún ìgbà díẹ̀, ẹ gbé agbára lọ sí 600 kN láti ibi tí pọ́ńpù jìnnà sí ẹ̀rọ, ẹ dá a dúró síbẹ̀ fún ìṣẹ́jú mélòó kan, kí ẹ tú u, kí ẹ wá wo gbogbo ojú jíjó, kí ẹ wọn bíìmù bóyá ó tẹ̀ láìpadà. Lẹ́yìn náà ni kí fáàfù padà sí 550, kí ẹ sì fi èdìdì dì í.

Ẹni tó máa lò ó náà nílò ẹ̀kọ́. Kó fi símẹ́ǹtì àti yanrìn kíkúnná tẹ́ òkè àti ìsàlẹ̀ búlọ́ọ̀kù, kó jẹ́ kó gbẹ. Kó gbé e sí àárín gan-an. Ìlànà EN 772-1 ní kí agbára máa gòkè ní 0.05 N/mm² ní ìṣẹ́jú-àáyá kan fún ohun tí kò le púpọ̀ bíi búlọ́ọ̀kù wa. Fún ti ìnṣì mẹ́sàn-án, ìyẹn jẹ́ nǹkan bíi 5 kN ní ìṣẹ́jú-àáyá, ó sì máa lé díẹ̀ ní ìṣẹ́jú kan kó tó dé 350 kN. Ẹni tó bá yára fọ́ ọ á rí nọ́ńbà tó ga ju bó ṣe yẹ lọ. Pọ́ńpù ọwọ́ kì í gbé agbára wá ní ìwọ̀n kan náà. Tí owó bá tó, pọ́ńpù oníná tó ní fáàfù tí à ń fi dín ìṣàn òróró kù ló dára jù.

Ní ti kọnkéré, ẹ sọ fún Alhaji pé ẹ̀rọ yìí kò ní ṣe é. Ojú kúbù 150 mm (kọnkéré onígun tí à ń fọ́ wò) jẹ́ 22,500 mm². Kọnkéré 25 N/mm² lásán máa gba 562 kN, ti 40 máa gba 900. Ìdí nìyẹn tí ẹ fi máa rí 2000 kN lára ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ kọnkéré ní ilé àyẹ̀wò. Kó máa gbé kúbù rẹ̀ lọ sí Ìlọrin. Tó bá sì jẹ́ pé kọnkéré ló ń mú owó wọlé fún un jù, kó tètè sọ kí ẹ tó gé irin àkọ́kọ́, torí férémù tí a ya fún 500 kN kò ṣeé sọ di ti 2000 kN pẹ̀lú irin tí a bá jó mọ́ ọn lẹ́yìn náà.